Ìwé Ìdíwọ́ Ọ̀gá Nimbalkar

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ọ̀gá rí, ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀gá fúnra yín, ẹ jókòó sápá ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Pendse lorúkọ mi. Iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó oṣù fún mi ni pé kí n máa wá àṣìṣe nínú ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ṣe é ní àjà kẹrin ilé onígíláàsì kan ní Hinjewadi, lẹ́yìn ìlú Pune, nítorí náà bí mo bá ní àṣìṣe wà lára ẹnìkan, kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Ojú mi ni kò lè rí i kí ẹnu mi má wí i.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ẹgbẹ́ oníwàrà. Ní igba abúlé, láti Karad títí dé ẹ̀yìn Kolhapur, àwọn ìyá á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á fún wàrà ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn, wọ́n á gbé garawa, ó di ibùdó tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń wọn wàrà, tó sì ń wo bí ọ̀rá inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ̀rọ bá ní kí wọ́n gbà á, wọ́n gbà á. Bó bá ní rárá, garawa padà sílé nìyẹn. Ètò tí àwa kọ ni ẹ̀rọ náà fi ń ronú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé wàrà ń bọ̀ wá sínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ní bá ẹ̀rín wá.

Hemant Nimbalkar ni ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o. Igbákejì Ọ̀gá Àgbà Pátápátá Lórí Ìmúṣẹ Iṣẹ́ ni oyè rẹ̀, bí o bá sì fo "Pátápátá" yẹn, kò ní dá ọ lóhùn. Á máa wo fèrèsé bí ẹni pé ẹyẹ ló ké. Láràárọ̀, lífìtì kan gbọ́dọ̀ yanu sílẹ̀ dè é, àwa yòókù á máa fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Jagtap, akọ̀wé rẹ̀, á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ alájà mẹ́ta tí ìyàwó ọ̀gá dì. Àga rẹ̀ ńkọ́? Aláwọ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ, kò gba ẹnu lífìtì. Ojú fèrèsé ni wọ́n fi ẹ̀rọ agbẹ́rù gbé e gbà. Odidi ọjọ́ kan la fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí ìdí ọkùnrin kan.

Iṣẹ́ wo wá ni ọ̀gá yìí ń ṣe? Ẹ káre, ẹ béèrè ire. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni á yọ sí wa, á ní, "Ó dé ibo?" A ó sọ ibi tó dé. Á gbé èsì wa lọ sókè lẹ́yìn tó bá ti fi sítáàṣì sí i tó ti lọ̀ ọ́ kó máa dán. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì kọ ìlà kan sínú ètò kọ̀ǹpútà láti ọdún méjìdínlógún. Wọ́n ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Tiwa mọ̀ ọ́n jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni Màdáámù Wagle, tó ni ilé iṣẹ́, pe gbogbo wa jọ. Obìnrin kúkúrú ni, sáàrì òwú lásán ló ń wọ̀, kì í pariwo. Ó ní a ó máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Ẹsẹ̀ Yíyá báyìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé. Àwọn òṣìṣẹ́ á pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, wọ́n á máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á dúró lórí ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí oníkálukú sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Máníjà ò ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹyọ iṣẹ́ kan ló kù fún un: kó máa mú ìdíwọ́ kúrò lọ́nà àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta òun á wá, òun á sì bi ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìdíwọ́ wo ni máníjà yín mú kúrò? Ikọ̀ tí kò bá rí èsì fọ̀, ipò máníjà tibẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn.

Nimbalkar ló pàtẹ́wọ́ jù. Àmọ́ awakọ̀ rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tó délé, wọ́n gbé bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, síwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ló kú. Ó ní kò tíì kú, ó ń pọ̀kàkà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín ná. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ku oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ti tẹ káàdì ìpè ẹgbẹ̀rin, oyè náà wà lórí rẹ̀ ní lẹ́tà góòlù, "Pátápátá" náà wà níbẹ̀. Àwọn àna rẹ̀, oyè yẹn ni wọ́n rí kí wọ́n tó rí ọmọ. Bí ipò bá lọ, ojú wo ló fẹ́ fi wo àwọn ènìyàn yẹn? Ohun tó ń dùn ún nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ún lóòótọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdíwọ́ kiri àjà kẹrin bí ẹni tó sọ òrùka nù. Kò rí. Ó dé ọ̀dọ̀ Ketaki Salunkhe, ọmọbìnrin tó mọ iṣẹ́ jù nínú wa, ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Karad tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé wàrà lọ síbùdó láràárọ̀. Ó bi í pé kí ló ń dí i lọ́wọ́.

"Kò sí nǹkan kan, sà," Ketaki fèsì, kò gbójú sókè. "Àfi tẹ́ ẹ bá lè sún díẹ̀. Ẹ dúró síwájú iná."

Jagtap ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ò ní mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe tínrín tó, bí ẹni tí wọ́n gé kù lára aṣọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé síbi ìwà játijàti. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan kúrò lọ́nà, ó ti yẹ kó kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀." Nimbalkar wò ó títí. Awakọ̀ ní ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá jẹ bhakri mẹ́rin.

Báyìí ni Ìwé Ìdíwọ́ ṣe dáyé. Ìwé ńlá ni, aṣọ pupa ni wọ́n fi bò ó. Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ọ̀gá fi àtíkè pupa àti òdòdó aláwọ̀ òféèfèé bọ ọ́, ó la àgbọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, omi àgbọn sì ta sínú kọ̀ǹpútà méjì tí a kò rí lò mọ́ láti ọjọ́ náà. Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ìwé. Ojú ìlà mẹ́rin ló ní: iye ìdíwọ́, irú ìdíwọ́, bí a ṣe mú un kúrò, àti ìfọwọ́sí ọ̀gá.

Ìdíwọ́ àkọ́kọ́ ni tíì. Ní ọjọ́ Ajé, ọkùnrin tó ń se tíì fún wa kò wá. Jagtap ti ní kó lọ sinmi nílé. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi jókòó bí aláìsàn, orí ń fọ́ wa. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí gbogbo wa dìde. Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀, ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ ogun ìlọsíwájú! Kí ni ọ̀nà láìsí ẹni tó ń ro ó? Kí ni odò láìsí ẹni tó ń kó pàǹtí inú rẹ̀? Fún ọjọ́ méjì, àìrí-tíì-mu bo àjà yìí mọ́lẹ̀. Èmi, Hemant, ọmọ Raghunath Nimbalkar, mi ò sùn, mi ò wo. Mo bá a jà. Lónìí, mo ní kí tíì máa ṣàn!"

Ọkùnrin onítíì yọ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, ojú ń tì í. Jagtap pàtẹ́wọ́, ó wò wá títí àwa náà fi pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n ya fọ́tò.

Lẹ́yìn tíì, ó kan kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan àga. Ọ̀gá gbọ́ pé Ẹsẹ̀ Yíyá ní kí a máa dúró láràárọ̀, ó wá kó gbogbo àga wa pamọ́, ó sì sọ ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí kan àbọ̀. Àwa á dúró, òun á jókòó, a ó máa gbọ́ bí Ẹsẹ̀ Yíyá ṣe dára tó. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá Mungekar tó ń tún wáyà ṣe wú, ọ̀gá dá àga padà. Àga ogójì, àwọn náà di ogójì ìdíwọ́ lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́: "Ìdíwọ́ kẹtàdínlógún, àga Mungekar, a ti mú un kúrò." Mo jẹ́wọ́. Mo kọ ọ́, mo sì mu tíì mi. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ẹni tó ń wá àṣìṣe kiri tí kò rí ti ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ò tíì là.

Bí iye náà ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni orí ọ̀gá ń wú. Ó ní òun ti borí gbogbo máníjà Pune. Ó kàn ń fẹ́ kí ìdíwọ́ ọgọ́rùn-ún jẹ́ ńlá, kó jẹ́ ojú Màdáámù Wagle gan-an ni òun ti máa mú un kúrò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà nìyí.

Tẹ́lẹ̀, bí Ketaki tàbí ẹnikẹ́ni bá ṣe iṣẹ́ kan tán, èmi á yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá dáa, ó jáde lọ sí igba abúlé lójú ẹsẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, a ó tún un ṣe kí tíì wa tó tutù. Ọ̀gá pàṣẹ pé láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé òun tẹ àtàǹpàkò òun mọ́ fóònù òun. Òun nìkan, fóònù yẹn nìkan. Lọ́jọ́ tí Màdáámù bá dé, òun á dìde lórí pèpéle, òun á tẹ̀ ẹ́ nígbà ìkẹyìn, òun á sì sọ wá di òmìnira. Gbogbo gbọ̀ngàn á sunkún ayọ̀.

Ketaki lọ bá a nínú ọ́fíìsì. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń gba ìfọwọ́sí. Ó bi í pé tí ẹ̀rọ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ńkọ́, nígbà tí àwọn ìyá ti wà lórí ìlà pẹ̀lú garawa, tí ọ̀gá sì ń wẹ̀ lọ́wọ́?

Nimbalkar fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Ọmọbìnrin, ìwọ́ ń wo garawa. Èmi ń wo ọjọ́ iwájú."

"Wàrà ò mọ ọjọ́ iwájú, sà," ni Ketaki wí. "Nínú oòrùn oṣù karùn-ún, wákàtí méjì ló mọ̀."

Ó ní kó máa lọ. Nígbà tí Ketaki jáde, ọ̀gá sọ fún Jagtap pé àwọn ọmọ abúlé wọ̀nyí, ìwé tí wọ́n kà ló ń gùn wọ́n.

Ó ku ọjọ́ kan kí Màdáámù dé, ìwé pé ọgọ́rùn-ún. Jagtap sáré wọlé, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ìyá Jagtap ló pe àkíyèsí rẹ̀ sí i: ta ló ń fi ọgọ́rùn-ún tọrẹ? Níbi ìgbéyàwó, níbi ìkómọ, lọ́dọ̀ wa, ọgọ́rùn-ún lé kan ni wọ́n ń fi sínú àpò ìwé. Iye tó bá parí sí òfo, òpin ló ń pè. Nimbalkar di orí mú. Ó ní kí n kọ ọ̀kan sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní ìdíwọ́ wo? Ó ní ìyẹn ò kan òun, kí n wá ọ̀kan. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí ìdí ìlà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ kọ "a ti mú un kúrò" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ohun tó bá wù ọ́ ni kó o kọ, Pendse. Mo fara mọ́ ọn."

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà ló tún rí i pé iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ló ń dúró de àtàǹpàkò òun. Kò fẹ́ kí Màdáámù bá òkìtì nílẹ̀. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń pa eèrà. Mo ti kọ ọ́ sára ọ̀kan nínú wọn gàdàgbà pé, "Kò tíì parí, mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò." Iṣẹ́ Ketaki ni, èyí tó yẹ kó mú àwọn tó ń da òróró sínú wàrà kí ọ̀rá rẹ̀ lè pọ̀. Ó ti ṣe apá ti màlúù tán, ó ku ti ẹfọ̀n, tí ọ̀rá tirẹ̀ pọ̀ láti ọwọ́ Ẹlẹ́dàá wá. Ọ̀gá ò kà á. Ta ló ń ka nǹkan tó ti fẹ́ fọwọ́ sí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ pé. Awòràwọ̀ ọ̀gá ti sọ pé aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wákàtí ire, wọ́n sì ní kí gbogbo wa dé ní aago mẹ́fà àbọ̀. Wọ́n fi òdòdó ṣe gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Lórí pèpéle, àwo fàdákà kan wà, fóònù ọ̀gá wà lórí rẹ̀, aṣọ pupa bò ó bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ti pa á kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ba wákàtí ire jẹ́.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù Ketaki dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀rọ ti kọ wàrà òun, ó ní ayédèrú ni. Ó kọ ti aládùúgbò, ó kọ ti gbogbo ẹni tó ní ẹfọ̀n. Ó ní, "Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo ti ń fún wàrà, ẹnikẹ́ni ò pè mí lólè rí."

Mo rí ojú Ketaki. Àwa méjèèjì fi àtẹ̀gùn sáré gun òkè. Ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ òun tí kò tíì parí ló jáde. Ó tún un ṣe, èmi yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo rẹ̀ parí. Ohun tó kù kò ju àtàǹpàkò kan lọ.

A sáré padà sísàlẹ̀. Jagtap dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó na apá méjèèjì. Ó ní wákàtí ire ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lu ọ̀gá. Ketaki ṣàlàyé. Ó tún un ṣàlàyé. Ó bẹ̀ ẹ́. Jagtap ní bó bá jẹ́ ìdíwọ́ ló ní, kó kọ ọ́ sínú pépà, kó jù ú sínú àpótí ìdíwọ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọlọ́run ló mọ bí mi ò ṣe gbá a létí. Ohùn ọ̀gá ń bọ̀ láti inú pé kí ni ọ̀nà láìsí ẹni tó ń ro ó, fóònù Ketaki sì tún ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yíjú sí mi. Omi ti wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí la máa ṣe?"

Nígbà náà ni mo rántí pé ìwé wà lábíyá mi. Ẹnì kan ṣoṣo tí Jagtap ò gbọdọ̀ dá dúró ni olùtọ́jú ìwé, torí pé láìsí ìwé, kò sí ayẹyẹ. Mo gbé e lé orí èékún, mo ṣí ibi ìlà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún, mo sì kọ ọ́. Mo kánjú, àmọ́ ìkọ̀wé náà ṣì dára. Lẹ́yìn náà, mo kọjá lára Jagtap, mi ò lọ sórí pèpéle tí wọ́n ti ń retí mi, iwájú Màdáámù Wagle ni mo lọ tààrà. Mo ṣí i fún un.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dákẹ́ lẹ́nu ọ̀gá níbi tó ti ń fi ara rẹ̀ wé ọkọ́.

"Ọ̀gá Nimbalkar," ó ní, "gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i?"

"Ẹyọ kan ò yọ sílẹ̀, mà!"

"Èyí tó gbẹ̀yìn yìí náà?"

Ó na ọrùn, ó rí ìfọwọ́sí ara rẹ̀ lókèèrè. "Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù, mà. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n mo ṣe é."

"Ẹ ti mú un kúrò?"

"Pátápátá, mà."

Màdáámù ní kó jọ̀ọ́, kó kà á fún gbogbo wa. Wọ́n gbé ìwé fún un. Ó gbé awò sójú, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ka oyè ọba.

"Ìdíwọ́ kọkànlélọ́gọ́rùn-ún: Ọ̀gá Hemant Nimbalkar!" Àwọn kan ti fẹ́ pàtẹ́wọ́. "Wàrà ń bàjẹ́ ní igba abúlé. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀ láti aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àtàǹpàkò ọ̀gá la ń..." Ohùn náà ń lọ sílẹ̀ bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. "...la ń dúró dè. Òun ló wà lọ́nà." Ó fẹ́ pa ìwé náà dé. Màdáámù ní ó ṣì ku ibì kan. Ó kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde: "A ti mú un kúrò. Hemant Nimbalkar."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màdáámù ti wà lórí pèpéle, ó ti ṣí aṣọ pupa, ó ti tan fóònù. Ẹ ò mọ bí fóònù ṣe ń pẹ́ jí tó, àfìgbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́ lójú yín. Nígbà tó jí tán, ọ̀gá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, fóònù ò mọ̀ ọ́n. Ó tún un tẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Àtíkè pupa tó fi bọ ìwé láàárọ̀ ló bo gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Màdáámù Wagle fi etí sáàrì ara rẹ̀ nu àtàǹpàkò náà, bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ ọwọ́, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Àtúnṣe jáde.

Ketaki pe ilé. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ti ń gbà báyìí, ṣùgbọ́n ti àwọn tó kọ́kọ́ dé ti dì. Tirẹ̀ wà lára wọn. Ní abúlé mọ́kànlélógójì ni wọ́n da wàrà òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn nù. Màdáámù bi Ketaki léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ ìyá náà títí. Ó ní kì í ṣe olè, àwa la ṣẹ̀.

Wọn ò lé Nimbalkar. Màdáámù ní bó bá fẹ́, ó lè jókòó ti Ketaki kó kọ́ iṣẹ́ padà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ó ti fìgbà kan mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ní òun ò lè ṣe é, òun á kúkú lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a lẹ́nu lífìtì, ó gbé abọ́ oúnjẹ alájà mẹ́ta rẹ̀ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Lífìtì ò dúró dè é, ó ti ròkè lọ. Ó bi mí pé, "Pendse, ìwọ lo kọ ọ́?" Mo ní èmi ni, sà. Ó ní ìkọ̀wé mi dára. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe mí bákan, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gbọ́ pé àna rẹ̀ gba ìyàwó náà láìsí oyè, pé wọ́n fi yíǹkì dúdú pa oyè náà rẹ́ lórí káàdì ẹgbẹ̀rin, "Pátápátá" náà bá a lọ, àti pé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló pa púpọ̀ nínú wọn rẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa, a sì jókòó. Àga aláwọ náà ṣì wà nínú ọ́fíìsì tó ṣófo, torí kò gba ẹnu lífìtì. Màdáámù Wagle wá, ó mú pépà dání, torí òfin ni òfin, ó gbọ́dọ̀ bi wá ní ìbéèrè rẹ̀. Ó bi wá pé ìdíwọ́ wo ni máníjà wa mú kúrò lọ́nà wa láti oṣù mẹ́ta.

Bàbá Mungekar wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi wo ìwé tó wà lábíyá mi.

Ketaki ló dáhùn. "Ẹyọ kan ni, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ni."